Owó Òjijì
Ẹ̀yin ọmọ mi, kò burú kí ẹ wá ọ̀nà míì kún iṣẹ́ yín. Owó oṣù kò gbọ́ bùkátà mọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún owó òjijì. Ní 2016, ètò sogúndogójì kan tó ń jẹ́ MMM ṣèlérí èlé ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, owó ọ̀pọ̀ èèyàn há síbẹ̀. Kò sí òwò kankan nídìí rẹ̀: owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ṣáájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mówó wá, ẹ bi í pé: kí lẹ ń tà? Ta ló ń rà á? Bó bá ń kán yín lójú, tó tún ní kí ẹ mú ọ̀rẹ́ méjì wá, ẹ tètè sá. Dípò ìyẹn, ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.