Bí A Ṣe Rí Fíìmù Tó Sọnù

Ẹ̀yin ará, bí àgbàlagbà kan bá sọ fún yín pé òun fi ìka ọwọ́ tẹ fíìmù fún wákàtí 2 gbáko, ẹ lè rò pé àwàdà ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí a rí ohun kan tí gbogbo ayé ti gbà pé ó ti ṣègbé. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹgbẹ́ olùfẹ́ fíìmù

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́. Àwọn kan a máa kóra jọ láti dá àjọ. Àwọn mìíràn a máa kóra jọ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé fíìmù ni ó kó wọn jọ.

Ilé sinimá tí à ń sanwó wọ̀ a máa fi fíìmù tí èrò ń rọ́ lọ wò hàn, nítorí pé owó ni ó ń wá. Nígbà tí fíìmù kan kò bá mú owó wá mọ́, wọn a ká a, wọn a sì gbé e sí kọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ olùfẹ́ fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa dá owó jọ. Wọn a gba gbọ̀ngàn. Wọn a wá fíìmù tí ó ṣọ̀wọ́n, èyí tí ẹlòmíràn kò fi hàn mọ́. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọn a jókòó, wọn a sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní London ní ọdún 1925. Ní ọdún 1929, ó fi fíìmù ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan hàn tí ń jẹ́ Battleship Potemkin. Wọn kò gbà kí àwọn ará ìlú wo fíìmù yìí ní ilé sinimá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò ó láàárín ara wọn. Lẹ́yìn náà, irú ẹgbẹ́ yìí tàn dé ìlú púpọ̀ lágbàáyé.

2. Fíìmù Metropolis

Ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1927, wọ́n fi fíìmù tuntun kan hàn ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì. Metropolis ni orúkọ rẹ̀. Fritz Lang ni ó ṣe é. Owó tí wọ́n ná lé e lórí pọ̀ jọjọ.

Fíìmù náà kò ní ohùn. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú àwòrán kí àwọn èèyàn kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, àfi kí ẹlòmíràn kà á fún un.

Ìtàn ìlú ńlá kan ni. Àwọn olówó ń gbé lókè, níbi tí oòrùn wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń ṣe ẹrú fún ẹ̀rọ. Ọmọ olórí ìlú náà rí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Maria, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan sì ṣe obìnrin onírin tí ó jọ Maria bí ìbejì, kí ó lè tan àwọn èèyàn jẹ.

3. Bí ó ṣe sọnù

Fíìmù náà gùn, ó ju wákàtí 2 àbọ̀ lọ díẹ̀. Àwọn oníṣòwò sọ pé ó ti gùn jù. Wọ́n gé e kúrú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gé e ní Jámánì pẹ̀lú. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tí wọ́n gé sọ nù. Àwọn tí ó wò ó lẹ́yìn ìgbà náà kò rí ìtàn náà délẹ̀ mọ́. Ẹnì kan á yọjú, wọn kò ní mọ ibi tí ó gbà lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá èyí tí wọ́n gé náà títí, wọn kò rí i. Wọ́n gbà pé ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò mọ̀. Kí wọ́n tó gé fíìmù náà káàkiri, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Adolfo Wilson ti ra odindi rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ìlú Buenos Aires, ní ilẹ̀ Ajẹntínà, ní ọdún 1928. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin kan tí ń kó fíìmù jọ. Láti ọwọ́ tìyẹn, ó di ti ìjọba.

4. Ìka ọwọ́ Sammaritano

Ní Buenos Aires, ẹgbẹ́ olùfẹ́ fíìmù kan wà tí ń jẹ́ Cine Club Núcleo. Salvador Sammaritano ni olórí rẹ̀. Ní ìgbà kan, ó fi ẹ̀dà àtijọ́ Metropolis hàn. Fíìmù náà ti gbó. Bí ó ti ń kọjá nínú ẹ̀rọ, ńṣe ni ó ń jó, àwòrán kò sì dúró lójú kan. Kí ni Sammaritano ṣe? Ó fi ìka ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà mì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí fíìmù fi parí. Ó lé ní wákàtí 2!

Lọ́jọ́ kan, ó sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fernando Martín Peña. Ẹlòmíràn ìbá rẹ́rìn-ín, kí ó sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Peña fi etí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Metropolis tí a mọ̀ nígbà náà kò tó wákàtí 2. Bí ìka bá wà lára fíìmù jù bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé fíìmù náà gùn ju ti àwọn ìyókù lọ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

5. Wíwá rẹ̀

Peña bẹ̀rẹ̀ sí wá fíìmù náà. Wọn kò tètè gbà á láyè láti wò ó. Ó tó nǹkan bí ọdún 20 tí ó fi ń wá a. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Ní ọdún 2008, Paula Félix-Didier di olórí ilé tí wọ́n ń kó ohun ìrántí sinimá sí ní Buenos Aires. Fíìmù náà sì ti wà ní ilé yìí láti ọdún 1992. Òun àti Peña ṣí àwọn agolo náà, wọ́n sì wo ohun tí ó wà nínú wọn. Háà! Ohun tí wọ́n gé sọ nù láti ọdún 1927 ni ó wà níwájú wọn.

Ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Iná a máa tètè ran fíìmù ayé àtijọ́, nítorí náà wọ́n ti dà á kọ sórí fíìmù kékeré tí kì í tètè gbiná. Nígbà tí wọ́n ń dà á kọ, gbogbo ìlà àti ìdọ̀tí ara ti àtijọ́ wọnú tuntun. Bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú àwòrán ni. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì tún un ṣe bí agbára wọn ti mọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2010, wọ́n fi í hàn ní Berlin. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni ó ti padà bọ̀ sínú rẹ̀. Díẹ̀ ṣì kù tí a kò rí títí di òní.

6. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Ní ilẹ̀ wa náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1976, Adamu Halilu ṣe fíìmù Shaihu Umar ní èdè Haúsá, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Àwọn èèyàn rò pé ó ti sọnù. Wọ́n rí i ní Jos, ní ilé tí ìjọba ń kó fíìmù pamọ́ sí. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní ọdún 2018.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Bí a bá fi nǹkan pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kò yàtọ̀ sí ohun tó sọnù. Ẹgbẹ́ fi fíìmù àtijọ́ hàn. Àgbàlagbà kan sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́ kan gbọ́, kò sì jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá yẹ̀, bóyá inú agolo ni Metropolis ìbá jẹrà sí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilé sinimá àti ẹgbẹ́ olùfẹ́ fíìmù?
2. Kí ni ìdí tí àwọn oníṣòwò fi gé Metropolis?
3. Báwo ni Peña ṣe mọ̀ pé ẹ̀dà ti Buenos Aires gùn ju àwọn ìyókù lọ?
4. Ọdún mélòó ni ó wà láàárín 1927 àti 2008?
5. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nínú ilé yín, kí ó sọ fíìmù tàbí eré kan tí ó wò nígbà èwe rẹ̀ fún ọ. Níbo ni ó ti wò ó? Kí ni ó rántí nínú rẹ̀? Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ, má sì ṣe sọ ìwé náà nù.