Bí Erìgì Rẹ Bá Ń Ṣẹ̀jẹ̀, Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Ṣúgà Rẹ Wò

Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín àfi bí eyín dídùn kò bá jẹ́ kí o fojú ba oorun. Bí erìgì rẹ bá ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí o ń fọ ẹnu, o pààrọ̀ ọṣẹ ìfọyín, o fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ó parí. Má fi mọ síbẹ̀. Àtọ̀gbẹ lè fara pamọ́ sára ènìyàn fún ọdún púpọ̀, kó sì jẹ́ pé ẹnu ló ti kọ́kọ́ yọjú.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, agbára ara láti bá kòkòrò àìfojúrí jà á dín kù, ọgbẹ́ kò sì ní tètè jinná. Erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu á máa gbẹ, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àìsàn erìgì fúnra rẹ̀ náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá.

Irin tín-ínrín tí dókítà eyín ń tì bọ àárín erìgì àti eyín, ó fi ń wọn bí ibẹ̀ ṣe jìn tó ni. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Bó bá ti tó 4, tó tún ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Lórí àga dókítà eyín náà ni kí o ti sọ pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ṣúgà mi wò.” Wọ́n á gún orí ìka rẹ, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan á kan bébà pelebe, ẹ̀rọ á sì sọ iye rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bí wọn kò bá ní ẹ̀rọ náà, gba ìwé lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ti orí ìka kọ́ ni ìdájọ́ o. Ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bí ṣúgà ẹni tí kò jẹun mọ́jú bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni.

Bí òbí rẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bí o bá sanra, tàbí bí ṣúgà rẹ bá ga nígbà oyún, má ṣe dúró de eyín dídùn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àtọ̀gbẹ tí a tètè rí ṣeé kápá; èyí tí a fi sílẹ̀ ló ń ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́. Lọ yẹ ẹnu rẹ wò lọ́dún yìí, kí o sì ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ wò.