"JINÁ" ÀTI "PADÉ": Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÌTỌ́JÚ OÓWO TÍ A ṢẸ̀ṢẸ̀ LÀ

Àwọn àgbà ní bí sòbìà yóò bá di egbò, Olúgáńbe ni à á ké sí. Sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i ní 2013, ṣùgbọ́n oówo ṣì wà. Nígbà tí Olúgáńbe bá sì ti ṣe tirẹ̀ tán ńkọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú egbò náà lọ?

Ní ìsinmi kan tí mo lò ní Ore, oówo ńlá kan sọ àbúrò bàbá mi ní abíyá. Awakọ̀ ni, ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ni ó ń ná. Ó fara dà á títí kò fi lè gbé apá mọ́. Dókítà là á, ọyún tú jáde, nọ́ọ̀sì fi gọ́ọ̀sì, ìyẹn aṣọ fẹ́lẹ́ funfun, dí ihò náà, ó ní kí ó máa wá fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi jiná. Ní ọjọ́ kẹrin, Bọ̀dá rí i pé ojú rẹ̀ ti padé. Ó ní ó ti jiná, ó bá gbéra, ó di Benin. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọyún ti tún kún abẹ́ awọ. Wọ́n tún là á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ni ó dá a sílẹ̀. Ọgbẹ́ ni ohun tí ọ̀bẹ tàbí àdá dá sí ara. Egbò ni èyí tí ó ti pẹ́, tí ó ń ṣọyún. Ọgbẹ́ ni à ń fẹ́ kí ojú rẹ̀ tètè padé, a tilẹ̀ máa ń rán an. Ihò oówo yàtọ̀: ọ̀bẹ ni ó ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n egbò ni inú rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ti máa kún bọ̀, kí ojú rẹ̀ sì padé kẹ́yìn. Bí ojú bá ṣáájú ìsàlẹ̀, ọyún há sínú nìyẹn. Ohun tí aṣọ inú ihò náà ń dènà nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oówo kékeré lè má nílò rẹ̀.

Mo bá a lọ ní ìgbà kejì, mo sì fojú sí i. Nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ṣáájú, ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó fi omi iyọ̀ rin aṣọ àná kí ó tó rọra fà á jáde, kí ó má baà ya ẹran tuntun. Ẹran pupa tí ó ń hù nísàlẹ̀, àmì rere ni. Ní ilé, omi tí a sè tí ó ti lọ wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń fọ̀ ọ́, a kì í sì í fún un. Ní 1880, Alexander Ogston, oníṣẹ́ abẹ ní Aberdeen, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò nínú ọyún oówo. Kòkòrò yìí a máa bá ọwọ́ àti aṣọ ìnura dé ara ẹlòmíràn. Nítorí náà ni Bọ̀dá fi ya aṣọ ìnura tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n ní gáréèjì Ore. Ẹnìkan ní kí ó tú kápúsù sí i, ẹlòmíràn ní kí ó da bẹntiróòlù sí i. Ìyá àgbà wa ní Odigbo já ewé Akíntọ́lá wá, èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bí àdá bá ṣá wọn. (Orúkọ olóṣèlú tí ó di orúkọ ewé! Iṣẹ́ wa ni ìyẹn náà.) Nọ́ọ̀sì kò bú màmá, ó ní ihò tí ó jìn kì í ṣe ibi tí à ń ki ewé bọ̀. Kápúsù, ẹnu ni ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún yóò fi lò ó, kí ó sì lò ó tán.

Ó ní bí àyíká rẹ̀ bá ń wú tí ó ń gbóná, bí ibà bá dé, tàbí bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, kí a sáré padà. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ náà, kò sọ "títí yóò fi jiná" mọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi kún." Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láràárọ̀, kí ó tó lọ sí gáréèjì, Bọ̀dá a gbé apá sókè sí mi: "Wò ó dáadáa, ṣé ó ti kún ni àbí ó kàn padé?"