Pínpín Ogún Dọ́gba: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Fún ẹbí tí bàbá rẹ̀ láya púpọ̀, tó sì kú láìkọ ìwé ìhágún.

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ mú dọ́gba: ìdí ìyá ni, tàbí orí ọmọ.
Ẹ má kàn ní "ká pín in dọ́gba" kí ẹ dìde; kálukú á gbà á sí tirẹ̀.

Ẹ pe ọ̀nà méjèèjì lórúkọ. Ìdí-igi ń mú ìyá kọ̀ọ̀kan tó bímọ dọ́gba. Orí-ò-jorí ń mú ọmọ kọ̀ọ̀kan dọ́gba.
Ẹ má pe ọ̀kan ní ìrẹ́jẹ. Ohun tí wọ́n ń kà ló yàtọ̀.

Ẹ ṣírò méjèèjì lójú gbogbo ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Ká ní pulọ́ọ̀tì 18 ni bàbá fi sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ 1, ìyàwó kejì bí 2, ẹ̀kẹta bí 6. Ní ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba pulọ́ọ̀tì 6: ọmọ ìyálé nìkan kó 6, ọmọ ìyàwó kejì gba 3 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ẹ̀kẹta gba 1 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní orí-ò-jorí, gbogbo ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba 2 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹjú mọ́ 6 àti 1 yẹn. Ibẹ̀ ni ọmọ bàbá kan náà ti ń di ọ̀tá ara wọn.
Ẹ má fi ìṣirò pamọ́ sọ́wọ́ dáwódù. Ìfura ló ń dẹjọ́.

Ẹ fi ìdí-igi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ilé ẹjọ́ gbà. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ 9 tí ìyàwó 4 bí fún un sílẹ̀. Adájọ́ Jibowu ní kí wọ́n pín ogún náà ní orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà yí i padà sí ìdí-igi ní 1958, Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó wà lókè rẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní 1962.
Ẹ má rò pé orí-ò-jorí ti gba ipò rẹ̀ torí pé ó bá ayé òde òní mu.

Bí ìjà bá dé lórí ìpín, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí lo àṣẹ tó ní láti yan orí-ò-jorí, ní gbangba, kó sì sọ ìdí rẹ̀.
Ẹ má jẹ́ kó yàn án torí pé ìyá tirẹ̀ ló bímọ jù.

Ẹ ka ọmọbìnrin pọ̀ mọ́ ọmọkùnrin, ìpín kan náà. Ilé ẹjọ́ ti fìdí ẹ̀tọ́ rẹ̀ múlẹ̀ láti 1924.
Ẹ má sọ fún un pé ó ti lọ sílé ọkọ.

Ẹ ka ọmọ tí bàbá jẹ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti bí i.
Ẹ má pè é lọ́mọ àlè. Abala 42 ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́.

Ẹ fi opó sílẹ̀ nínú ilé ọkọ rẹ̀.
Ẹ má ka ìpín fún un lábẹ́ àṣà: òun la fi ń mọ ìdí, ọmọ rẹ̀ ló ń gbà á. Èyí tí kò bímọ kò ní ìdí rárá. Ó korò, ó sì ń dùn mí. Ọkọ tó bá nífẹ̀ẹ́ aya rẹ̀ kó tètè kọ ìwé ìhágún.

Ẹ bèèrè ẹ̀sìn olóògbé àti irú ìgbéyàwó tó ṣe, kí ẹ tó ka ohunkóhun.
Ẹ má gbé ìdí-igi lé ogún tí ẹ fẹ́ pín ní ìlànà Ìsìláàmù, níbi tí ọmọkùnrin ti ń gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Ti ìgbéyàwó kóòtù, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà.

Ẹ pe ẹni tó mọ iye ilẹ̀ lọ́jà, tí kì í ṣe ará ilé, kó díye lé pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó gba èyí tó wọ́n san àfikún fún ẹni tí tirẹ̀ kéré.
Ẹ má ka iye pulọ́ọ̀tì nìkan kí ẹ ní ó ti dọ́gba. Ti etí títì kì í ṣe ẹgbẹ́ ti inú àbàtà.

Ẹ kọ ìpín náà sínú ìwé báyìí: "ní ìdí-igi, ìdí mẹ́ta, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà fún ìdí kọ̀ọ̀kan."
Ẹ má kọ "lọ́gbọọgba" nìkan.

Ẹ jẹ́ kí olórí ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ síwèé, lọ́kùnrin lóbìnrin.
Ẹ má ta pulọ́ọ̀tì kankan ṣáájú ìyẹn. Ìfọwọ́sí olórí ẹbí nìkan kò tó.