Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Rélùwéè Àṣejọ Orí Pẹpẹ: Àpẹẹrẹ láti Ìkẹjà àti Agége

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ wò, èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò wọ́pọ̀ láàrin wa: ṣíṣe rélùwéè kékeré sórí pẹpẹ nínú ọgbà, pẹ̀lú ilé, igi, afárá àti ènìyàn tí ó yí i ká. Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ti Yorùbá nínú eré ọwọ́ àwọn Òyìnbó. Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ yìí kó ìṣirò, ìmọ̀ ilẹ̀, ìmọ̀ ìgbóná àti iṣẹ́ káfíńtà pọ̀ sójú kan, àti pé ojú irin gidi tí a lè fi ṣe àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó; ó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 gbà. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pè ní Red Line, tí wọ́n ṣí ní 2024, gba Agége àti Ìkẹjà kọjá pẹ̀lú.

Ìdí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí kọjá ìfẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ kan ní agbègbè Agége bẹ̀ wá pé kí á bá òun túmọ̀ ìwé ìlànà iṣẹ́ yìí sí Yorùbá, kí káfíńtà àti bíríkìlà tí yóò bá òun ṣe é lè kà á fúnra wọn. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ọ̀sẹ̀ méjì túmọ̀ rẹ̀, inú wa sì dùn sí i. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan iná sí ọkọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ lu ibi tí èrò máa ń dúró sí, ó yà kúrò lójú irin, ó sì já bọ́ láti orí pẹpẹ tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 sórí sìmẹ́ńtì. Owó olùkọ́ náà ni ó fi rà á. Káfíńtà kò jẹ̀bi. Ohun tí a kọ ni ó kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a lò láìfura ni ó fọ́ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ni ìwọ̀n.

Ìwọ̀n méjì tí kì í ṣe ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú ìwé tí a túmọ̀. Èkíní ń sọ ìlọ́po tí ohun gidi fi tóbi ju èyí tí a ṣe jọ ọ́ lọ. Èkejì ń sọ bí irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gùn ṣe jìnnà síra, láti ojú inú ti ọ̀tún dé ojú inú ti òsì. A pe méjèèjì ní ìwọ̀n. Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò jọ àṣìṣe, nítorí pé wíwọ̀n ni a ń wọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn wa:

(1) Ìwọ̀n irin jẹ́ 45. Kí ìwọ̀n ilé àti ibi ìdúró èrò bá ìwọ̀n irin mu.

Káfíńtà ka (1). Ó wá lọ wo ojú ìwé mìíràn nínú ìwé kan náà, níbi tí a ti kọ ọ́ pé irin 45 ń lọ pẹ̀lú ìwọ̀n 32, ó sì fi 32 kan gbogbo nǹkan. Ohun tí ó kà níbẹ̀ kì í ṣe irọ́, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Láàrin irin méjì ti ojú irin àtijọ́, mìlímítà 1067 ni, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ti ojú irin tuntun jẹ́ 1435. Irin kékeré tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún ọgbà jẹ́ 45. Ilé iṣẹ́ kan ní Nuremberg ní Jámánì ni ó mú un gbajúmọ̀ láti 1968. Bí a bá fi 45 pín 1067, a ó rí 23.7, tí a lè kà sí 24. Bí a bá fi pín 1435, a ó rí 31.9, tí a lè kà sí 32. Nítorí náà, ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ tuntun lè rìn lórí irin kékeré kan náà nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ayé tí ó yí wọn ká kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.7 yóò ga ní mìlímítà 71 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun, 53 ni yóò jẹ́. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ yóò sọ àgbàlagbà di ọmọdé.

Ọkọ̀ àtijọ́ ni olùkọ́ rà. Ayé ọkọ̀ tuntun ni a jẹ́ kí káfíńtà kàn yí i ká. Kí á fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ gidi fẹ̀ ní mítà 2.8, tí etí ibi ìdúró èrò sì jìnnà sí àárín ojú irin ní mítà 1.6. Àyè sẹ̀ǹtímítà 20 ni yóò wà láàrin àwọn méjèèjì. Bí a bá wá fi 24 pín ọkọ̀, yóò yọ ní mìlímítà 58 láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi 32 pín ibi ìdúró èrò, etí rẹ̀ yóò wà ní 50. Ọkọ̀ náà yóò fi mìlímítà 8 wọ inú ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní kíláàsì kẹta girama lè ṣe ìṣirò yìí. Àwa tí a ń kọ́ ènìyàn ní ìtumọ̀ èdè kò ṣe é.

A wá pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì báyìí:

(2) a. ìdá-àdínkù: iye tí a fi pín ohun gidi. Bí ó bá jẹ́ 24, a ó kà á ní 'ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún'.
b. àlàfo irin: bí irin méjì ṣe jìnnà síra, láti ojú inú dé ojú inú.

Ìdá kì í ṣe àjèjì sí olùkọ́ ìṣirò. Ní ti (2b), àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ fẹ́ ìbú ojú irin. A kọ̀ ọ́, nítorí pé bí a bá ní kí káfíńtà wọn ìbú, etí dé etí ni yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì ka orí àwọn ìdábùú tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. (Ìdábùú ni a pe ohun tí a tẹ́ sábẹ́ irin. A kò pè é ní igi ìdábùú, nítorí pé kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ti ojú irin tuntun.) Àlàfo ni kò jẹ́ kí ọwọ́ kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí.

Ẹnìkan yóò bi wá pé kí ló dé tí a kò yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Àwa kò kórìíra àyálò. Rélùwéè fúnra rẹ̀ jẹ́ àyálò, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú sí i mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí à bá yá ti ní ilé tiwọn ní Ìkẹjà àti Agége. Síkéèlì ni wọ́n fi ń wọn irin àlòkù fún títà. Géèjì ni káfíńtà tí ń kan òrùlé fi ń sọ bí páànù ṣe nípọn tó. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni arẹwà tí ń wọ aṣọ fún àwòrán, tàbí ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò jáde. Bí a bá wí fún káfíńtà Agége pé kí géèjì jẹ́ 45, páànù ni yóò lọ bá ọkàn rẹ̀.

Àwòṣe tàbí àṣejọ?

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ètò Ilé-Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn ṣáájú ìgbà náà pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kò rí olùrànlọ́wọ́ púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a nílò ọ̀rọ̀ fún ohun kékeré tí a ṣe jọ ohun ńlá, àwòṣe ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu.

Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé àwòṣe (à-wò-ṣe) ni ohun tí a ń wò kí á tó ṣe òmíràn. Aṣọ tí télọ̀ gbé síwájú kí ó tó gé tuntun jẹ́ àwòṣe. Ọkọ̀ kékeré inú ọgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òun ni a ṣe, ọkọ̀ gidi sì ni a wò. Bí a bá pe ọkọ̀ kékeré ní àwòṣe, a ti yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ méjèèjì. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi jogún ìdàrúdàpọ̀ náà. Ère kò ṣe é lò, nítorí ère kì í rìn. Ohun ìṣeré kò gba ìdá-àdínkù. Ọmọlangidi lè ní orí tí ó tóbi ju ara lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. A dábàá àṣejọ (à-ṣe-jọ), ohun tí a ṣe kí ó lè jọ òmíràn. Láti ibẹ̀ ni a ti lè sọ ọkọ̀ àṣejọ, ilé àṣejọ, ènìyàn àṣejọ. Gbogbo ohun tí ó yí ojú irin ká ni àyíká àṣejọ. Àwọn kan fẹ́ ilẹ̀ àtọwọ́dá dípò èyí tí ó kẹ́yìn. Ará Èkó tí ó bá gbọ́ ilẹ̀ àtọwọ́dá yóò rò pé òkun ni wọ́n da yanrìn sí.

Pẹpẹ, pèpéle àti gíga

Rélùwéè inú ọgbà ga kí àgbàlagbà má baà máa bẹ̀rẹ̀. Gíga yìí jẹ́ ti ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ti ojú irin tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìkẹjà àti Agége, ilẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà, mọ́tò ni ó ń gba orí afárá kọjá lókè rẹ̀, bí ti afárá Pen Cinema tí wọ́n ṣí ní Agége ní 2021. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tí wọ́n ṣí ní 2023, ni apá kan rẹ̀ gba orí òpó. Ìwé wa kọ ojú irin gíga fún gbogbo rẹ̀, bíríkìlà sì béèrè iye òpó tí òun yóò mọ sábẹ́ ibùdókọ̀ Agége.

Yorùbá ti ní ohun tí ó tó. Pẹpẹ ní ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀. Pèpéle jẹ́ ohun tí a mọ ṣinṣin láti ilẹ̀, bí èyí tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí níwájú ilé. Pẹpẹ ni a gbé gbogbo iṣẹ́ kà. Pèpéle èrò ni ibi tí èrò dúró sí. Ojú irin orí òpó ni apá yẹn nínú ti 2023. Àwọn onígbàgbọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba pẹpẹ lọ́wọ́ wa tán, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pàtẹ ọjà ṣì mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì mìíràn kò gba àlàyé gígùn. Yẹ̀pẹ̀ tí omi mu wúwo: mítà kan níbùú lóròó, tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, lè tó kílò 180 sí 200, nítorí náà kí pẹpẹ ní ihò tí òjò yóò gbà jáde. Irin idẹ a sì máa gùn nínú oòrùn: bí ìgbóná rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì 30 lé sí i, irin mítà 10 yóò fi bí mìlímítà 6 gùn sí i. Àyè ìfẹ̀ ni a pe ibi tí a fi sílẹ̀ fún un láàrin orí irin kan àti èkejì. A kò gbọdọ̀ pè é ní àlàfo, nítorí (2b) ti gbà á.

Kí ni ó yí ojú irin ká?

Ìwé náà fẹ́ òkè, ihò abẹ́ òkè, àti omi tí ń dà láti orí àpáta. A túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tọkàntọkàn, kí á tó rántí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn láti Ìkẹjà dé Agége. Èrò mi ni pé nínú ìwé ìlànà iṣẹ́, ó yẹ kí olùtumọ̀ pààrọ̀ àpẹẹrẹ bí ó ti ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ọdún tí a bá yàn ni yóò sọ ohun tí a ó mọ. Ẹni tí ó bá yan ojú irin àtijọ́ ní ìgbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun yóò fi oko kòkó àti obì yí i ká: 1907 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀, J. K. Coker sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọkọ̀ ojú irin ni ó sì ń kó obì Agége lọ sí Òkè Ọya. Ìdá-àdínkù rẹ̀ ni 24. Ẹni tí ó bá yan ojú irin tuntun yóò ṣe ògiri ilé iṣẹ́, páànù tí ó ti dógùn-ún, táǹkì omi lórí òpó, ní 32. Ṣáájú òmìnira 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, nítorí náà ilé iṣẹ́ lè wà ní ayé 24 pẹ̀lú, bí ọdún bá gbà á.

Igi ni ó ṣòro jù. Ewé máńgòrò kan ṣoṣo yóò bo ojú fèrèsé ọkọ̀ mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá rí i pé patanmọ́ ní ewé wẹ́wẹ́ tí ó jọ igi ńlá láti òkèèrè. Ohun alààyè ni, a kò ṣe é, nítorí náà kì í ṣe àṣejọ. Ohun tí a fi jọ òmíràn ni. Àfijọ ni mo dábàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó ti sún mọ́ àfiwé jù. Àléébù rẹ̀ kan kì í ṣe ti èdè: bí ọwọ́ ọmọ ilé ìwé bá kan igbó náà, gbogbo igbó a palẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

A tún ìwé náà kọ, káfíńtà sì kà á lójú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi èékánná rẹ̀ wọn àlàfo irin láti ojú inú dé ojú inú, ó fi 24 pín gíga ilẹ̀kùn lórí ẹ̀yìn pákó kan, ó sì ní òun kò ní ìbéèrè púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó bi wá ni ibi tí a ó ti rí patanmọ́ tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.