Ìdí Tí Ìlànà Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ Fi Ń Yí Padà



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó yín ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ ìlera ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe rò pé kò kan ètò ọmọ òrukàn. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ àgbáyé, IARC, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọmọ ni jẹjẹrẹ gba ìyá lọ́wọ́ wọn káàkiri ayé. Jẹjẹrẹ ọmú àti jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló fa èyí tó ju 4 lọ nínú 10. Lóòótọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà ni òfin ẹ̀sìn pè ní ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú náà ń wá ẹni tí yóò tọ́jú òun. Bí a bá lè dá ẹ̀mí ìyá sí, a ti tọ́jú ọmọ náà kí ó tó sunkún.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni pé ìmọ̀ràn àwọn dókítà kì í dúró sójú kan. Lánàá wọ́n ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta, lónìí wọ́n ní ẹyọ kan tó. Lánàá wọ́n ní ọdún 50, lónìí wọ́n ní 40. Àwọn kan wá ń sọ pé: "Àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí a rántí sòbìà. Ní Ìdèrè àti ní àwọn abúlé wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà kan pé inú ara ọmọ ènìyàn ni sòbìà wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà ìlera tí Yunifásítì Ìbàdàn dá sílẹ̀ ní Ìbàràpá ní 1963 wà lára ohun tó mú òye tuntun wá: omi adágún tí a mu ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ló gbé e wọ ara. Nígbà tí òye yí padà, ìṣe yí padà. A fi aṣọ sẹ́ omi, a wá omi tó mọ́. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ rí. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì lè tó ọdún 15 tàbí 20 kí àrùn tó yọjú. Nípa ìbálòpọ̀ ló ń ranni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Obìnrin tí kò mọ ẹlòmíràn ju ọkọ rẹ̀ lọ lè ní in. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, tó jáde ní 2004, fi hàn pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin ló ní in lára. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé èyí tó pọ̀ jù lọ. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2021 pé kí àyẹ̀wò HPV bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 30, kí a máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 5 sí 10. Fún obìnrin tó ní kòkòrò HIV, láti ọdún 25 ni, lẹ́yìn ọdún 3 sí 5.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ńkọ́? Mẹ́ta ni níbẹ̀rẹ̀, ó di méjì ní 2014. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kenya, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé ẹyọ kan ń dáàbò boni dáadáa. Ẹyọ kan yìí ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá 2023.

Ti ọmú náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n tọ́pa obìnrin tó lé ní 260,000. Wọ́n kọ́ ìdajì wọn bí wọn yóò ṣe máa fọwọ́ yẹ ọmú wọn wò lóṣooṣù. Èsì tó jáde ní 2002 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn náà pa kò dín ju ti àwọn tí a kò kọ́. Kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ni wọ́n ń rí sí i, tí a sì ń tìtorí rẹ̀ fi abẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan sọ ní 2009 pé kí fọ́tò ọmú tí wọ́n ń pè ní mammogram bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 50. Ní 2024 wọ́n dá a padà sí 40, nítorí pé àrùn náà ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí kò tíì tó 50.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Àyẹ̀wò ní àǹfààní, ó sì ní ìnira. Bí ẹ̀rí tuntun bá dé, wọ́n á tún òṣùwọ̀n náà gbé.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: gbogbo ọjọ́ orí àti iye ọdún tí a kà wọ̀nyí, ti ẹni tí kò rí àmì kankan ni. Ẹni tó bá rí àmì kò sí lábẹ́ wọn. Kókó nínú ọmú tàbí lábẹ́ abíyá, ọmú tí awọ rẹ̀ ń fà wọlé, ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá: ìyá ọdún 28 kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò tíì tó 40. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà lọ́sẹ̀ náà. Bí ó bá yẹ, wọn yóò júwe UCH ní Ìbàdàn fún un. Kókó tí kì í dunni kì í ṣe ìdí láti dúró.

Kí ni ó kàn wá? Èkíní, kí ẹ̀yin alágbàtọ́ rí i pé àwọn ọmọbìnrin òrukàn tó wà lọ́dọ̀ yín gba abẹ́rẹ́ wọn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dàgbà, àyẹ̀wò ṣì kàn wọ́n. Èkejì, kí ẹ̀yin ọkọ má ṣe dí aya yín lọ́nà. Ẹ̀kẹta, aláìsàn tí kò ní lọ́wọ́ wà lára àwọn tálákà àti aláìní tí Súrà Tawbah, aayah 60, ka sàká sí fún. Sàráà yín náà lè san owó ọkọ̀ ìyá kan dé Ìbàdàn.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí a wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ìyá wa ní àlàáfíà, kí Ó gba sàká àti sàráà yín. Àmín.