Ẹ má tíì fọwọ́ kan skúrù yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi katakata àtijọ́ dáko, mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá: ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ọmọkùnrin kan sì ti fa sípánà yọ, ó fẹ́ já èdìdì skúrù ara póńpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Gọ́fánọ̀ ló ń bu dísẹ́ẹ̀lì fún ẹ́ńjìnnì bí ẹrù bá ṣe wúwo sí. Nínú Massey Ferguson 135 oní-dísẹ́ẹ̀lì, inú póńpù gan-an ló wà. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà tí ohùn bá ń lọ sókè sódò báyẹn, kì í ṣe òun ló bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló wọnú epo. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tú skúrù kékeré orí fílítà díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ póńpù kékeré tó ń fa epo láti táǹkì. Ìhó ni yóò kọ́kọ́ jáde, funfun bí ti ọṣẹ. Tí epo bá wá ń ṣàn geere, ẹ dè é padà.

Ẹ tún mi irin tó ti ọwọ́ ìtẹná lọ bá póńpù. Tó bá há, tàbí tí oríkèé rẹ̀ ti jẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe.

Èmi náà ti yí skúrù elédìdì yẹn rí, nígbà tí òjò ń lé mi. Ẹ́ńjìnnì figbe ta. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tètè fa irin ìpaná. Bí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ tú póńpù kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.